Alùpùpù Ńlá fún Ọ̀nà Jíjìn: Bí A Ṣe Ń Rà Á àti Bí A Ṣe Ń Gùn Ún láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá jókòó sí Táàkíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún wákàtí kan, yóò rí ọ̀kadà títí ojú rẹ̀ yóò fi sú u. Ṣùgbọ́n bí kúrúsà kan bá ń bọ̀, èyí tí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, tí àpótí méjì so mọ́ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í yíjú wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ra páwà báìkì. Ojú ló kọ́kọ́ rà á, owó tẹ̀lé e, ọgbọ́n sì wá dé lẹ́yìn, nígbà tí mẹkáníìkì ti tú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí àpò símẹ́ńtì.

Eré sísá kọ́ ló ń kó àwọn tó rà á sí wàhálà lágbègbè wa. Ìwọ̀n rẹ̀ ni, àti pátì rẹ̀. Boxer tí gbogbo wa mọ̀ wọ̀n tó nǹkan bí 110 sí 125 kílò. Yamaha V Star 1100 Classic ń lọ sí 280 kílò, Honda Gold Wing 1800 tí wọ́n ṣe títí dé 2017 sì lé ní 400 kí ẹ tó gbé ẹrù kankan lé e. Bí Boxer bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ kan lẹ ó fi gbà á dúró. Bí Gold Wing bá ti tẹ̀ kọjá ibì kan, ẹ má gbà á o. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀.

Èwo ló yẹ yín

Tó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan lẹ ti ń gùn tẹ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò tó 300 kílò. V Star 1100, tí Yamaha ṣe láti 1999 sí 2009, dára fún èyí. Sìlíńdà méjì ló ní, 1063 cc, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí náà kò sí rádíétọ̀ tí yóò jò. Kawasaki Vulcan 900 náà dára. Ìjókòó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 68 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lọ, ẹni tí kò ga lè tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Honda Shadow 750 àti 1100 wà nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú.

Gold Wing jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí 1500 (1988 sí 2000) àti èyí 1800 (láti 2001) ní sìlíńdà mẹ́fà, wọ́n sì rọ̀ lójú ọ̀nà bí àga tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n Honda fúnra rẹ̀ fi rìfáàsì sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ tí ẹni tó ṣe é ti gbà pé apá èèyàn kò lè máa tì í sẹ́yìn lójoojúmọ́, ẹ má fi kọ́ṣẹ́. Nínú 1500 yìí, bẹ́líìtì rọ́bà méjì ló ń yí káàmù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Bí ọ̀kan bá já, fáàfù àti písítìnì yóò kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi hàn yín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ wọn kẹ́yìn, ẹ gbà pé wọn kò pààrọ̀ wọn rí, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ti 1800 kò rí bẹ́ẹ̀, ṣéènì ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ohun tó ń gbé agbára dé táyà ẹ̀yìn. V Star 1100, Shadow 1100 àti Gold Wing ń lo ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí. Kúrúsà Harley-Davidson ìsinsìnyí, Vulcan 900 àti V Star 1300 ń lo bẹ́líìtì. Ṣáàfù là ń gbè sẹ́yìn níhìn-ín. Kò fẹ́ ju ọ́ìlì jíà 80W-90 lọ, nǹkan bí 120 sí 200 mílílítà, tí kò tó ife omi kan. Bẹ́líìtì ń lọ wẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà tó dán, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Bí ẹyọ kan bá há sáàárín bẹ́líìtì àti eyín irin tó ń yí i, yóò dá a lu bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ. Ihò yẹn lè má já lónìí. Ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ bá gbé ìyàwó sẹ́yìn lọ síbi ìnáwó.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ bèèrè bóyá kábúrétọ̀ ló ní tàbí ẹ̀rọ tó ń fín epo. Kábúrétọ̀, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tú u fọ̀ ní Apákẹ́ tàbí Sábo, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí a gbé alùpùpù kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, torí epo yóò di gọ́ọ̀mù sínú ihò kéékèèké. Èyí tó ń fín epo ń yára jí láàárọ̀, kò sì fi epo ṣòfò. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dákẹ́, ìrìn àjò Èkó ti kàn yín.

Kí ẹ tó fi owó ìrìn ṣòfò lọ wo ọjà, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ pe àwọn tó ń ta pátì alùpùpù ńlá, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta péré fún irú èyí tí ẹ fẹ́ rà: fílítà ọ́ìlì, páàdì bíréèkì iwájú, àti táyà ẹ̀yìn. Ti V Star 1100 Classic jẹ́ 170/80-15 lẹ́yìn àti 130/90-16 níwájú, àwọn kúrúsà mìíràn sì ń lo ìwọ̀n kan náà, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti rí. Ti Gold Wing 1800 títí dé 2017 jẹ́ 180/60R16 lẹ́yìn. Bí àwọn ọlọ́jà mẹ́ta bá sọ pé àwọn ní láti kọ̀wé sí òkè òkun kí méjì nínú mẹ́ta náà tó dé, ẹ fi irú alùpùpù yẹn sílẹ̀, bó ti wù kó wuyì tó.

Ọjọ́ tí ẹ lọ wò ó

Ẹ sọ fún olówó rẹ̀ ṣáájú pé kó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ti dé, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kí i tán. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti ń fi pamọ́ bó ṣe ń ṣòro tàn nígbà tó tutù. Ẹ jókòó, ẹ béèrè omi, ẹ dúró kó tutù.

Nígbà tí ẹ ń dúró, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sápá kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọrùn rẹ̀, ibi tí férémù ti gba ṣọ́kì iwájú mọ́ra. Ẹ ó rí nọ́ńbà onílẹ́tà 17 níbẹ̀. JYA túmọ̀ sí Yamaha tí wọ́n ṣe ní Japan, JH2 jẹ́ Honda láti Japan, 1HF jẹ́ Honda tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, 1HD jẹ́ Harley-Davidson. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: Y fún 2000, 1 fún 2001, títí dé 9 fún 2009, lẹ́yìn náà A fún 2010, B fún 2011. Ọ̀gá tó ń pariwo pé “2011 ni o” lórí ohun tí ipò kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 3, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná an. Ẹ fi ìka pa ojú nọ́ńbà náà. Bí irin ibẹ̀ bá rí gbágungbàgun bíi ti ibi tí wọ́n fi fáìlì họ, ẹ dìde.

Níbẹ̀ gan-an, lábẹ́ nọ́ńbà, egungun irin kékeré méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Iṣẹ́ wọn ni kí ọwọ́ alùpùpù má yí kọjá ààlà. Bí alùpùpù bá forí sọ nǹkan, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ òótọ́. Egungun tó wó, tó tẹ̀, tàbí tí wọ́n ti jó padà tí wọ́n kùn ní dúdú, ó ń sọ pé iwájú rẹ̀ ti lu nǹkan rí. Wọ́n lè kun táǹkì, wọ́n lè ra dígí tuntun, kò sẹ́ni tó ń rántí tún egungun yẹn ṣe dáadáa. Ẹ wo ọ̀dà férémù lẹ́yìn ọrùn náà pẹ̀lú. Bó bá hunjọ bí awọ ẹsẹ̀ arúgbó, irin abẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tọkunbọ̀ ló wá láti ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó kàgbákò tàbí tí omíyalé gbé. Ẹ ṣí ìjókòó, ẹ fa kọnẹ́tọ̀ wáyà méjì tàbí mẹ́ta yọ. Wáyà tó dára ń dán bí owó bàbà. Bí àwọ̀ ewé bá ti mú un, tàbí tí ẹrẹ̀ gbígbẹ wà ní kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí ojú ọ̀nà kò lè dé, omi ti bo alùpùpù yẹn. Iná rẹ̀ yóò máa ṣe yín ní oríṣiríṣi títí ẹ ó fi tà á.

Ẹ ṣí táǹkì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ gbóòórùn. Epo tó ti pẹ́ ń rùn bíi fáníṣì. Ìpẹtà pupa nínú táǹkì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ di kábúrétọ̀ tàbí fílítà epo.

Ẹ mú mítà iná dání, kò wúwo. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e lé bátìrì. 12.6 fólítì dára, 12.2 sílẹ̀ fi hàn pé ebi ń pa á tàbí ó ti kú tán. Bí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì, tí ẹ gbé e sí nǹkan bí ìyípo 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí mítà wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bó bá wà lábẹ́ 13, ohun tó ń ṣe iná tàbí ohun tó ń darí rẹ̀ ti ní àrùn. Bó bá kọjá 15, iná náà ń se bátìrì bí ẹ̀bẹ.

Ẹ wo èéfín. Àwọ̀ aró tó jáde lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ tàn án tó sì lọ, síìlì fáàfù ló ń bá a jà, a lè bá a rìn fúngbà díẹ̀. Àwọ̀ aró tó ń jáde bí ẹ ṣe ń fún un ní epo, ríìngì písítìnì ló ti jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Funfun tí kò dákẹ́ tó ní òórùn dídùn, omi rádíétọ̀ ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Dúdú kì í ṣe ikú, epo ló pọ̀ jù tàbí kí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Ọ́ìlì tó ní àwọ̀ tíì onímílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Kí ẹ tó wo òdiwọ̀n ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan gbọ́dọ̀ nàró gan-an, kì í ṣe pé kó fì sórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́.

Nípa ṣọ́kì iwájú, ẹ fi aṣọ funfun nu ọ̀pá dídán náà, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá nu ún padà. Bí ọ́ìlì bá yí ọ̀pá ká bí òrùka, síìlì ti lọ. Kò wọ́n púpọ̀, àmọ́ ọ́ìlì yẹn lè dà sórí páàdì bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé iwájú sókè díẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì pẹ̀lú ìka méjì. Bó bá há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn bí ẹni pé ó wọ kòtò, béárìn ọrùn ti jẹ, yóò sì máa ṣe yín bí ẹni pé alùpùpù ń bá yín jiyàn lórí ọ̀nà tó tọ́.

Lára táyà, ẹ wá DOT, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2314 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Eyín táyà náà lè ga bíi tuntun, ṣùgbọ́n bó bá ti tó ọdún mẹ́fà sí méje, rọ́bà rẹ̀ ti le bí igi, kì í di ọ̀nà mú lórí omi.

Fún Gold Wing 1800 nìkan, ohun kan wà láfikún. Honda ti pe ti ọdún 2001 sí 2010 àti 2012 padà nítorí bíréèkì ẹ̀yìn tó lè máa fà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń fà, ó ń gbóná, ó sì lè gbiná. Èyí tó ti kúrò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tún un ṣe, àbùkù yẹn ló gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá gùn ún tán, ẹ mú ọwọ́ súnmọ́ dísíkì iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ má fi kàn án. Bí tẹ̀yìn bá gbóná ju tiwájú lọ gan-an, nǹkan wà níbẹ̀.

Gígùn wò, ó kéré jù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní jíà tó ga jù, ní nǹkan bí 70 kílómítà ní wákàtí, ẹ fún un ní epo púpọ̀ lójijì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí eré kò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti jẹ tán, ó sì lè jẹ́ ọ́ìlì mọ́tò ni wọ́n dà sí i, èyí tí a máa sọ nísàlẹ̀.

Ìwé

Ibí yìí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà ọrùn alùpùpù gbọ́dọ̀ bá ti ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù mu, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan ju owó ìdúró lọ. Ẹ gba ìwé títà tí orúkọ ẹni tó tà á wà lórí rẹ̀, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀rí pé tiyín ni. Ìwé ìwakọ̀ tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó gbọ́dọ̀ ní Class A, ìyẹn ti alùpùpù. Ti mọ́tò nìkan kò tó. Ìbánigbófò tó ń bójú tó ẹlòmíì tí ẹ bá kọlù jẹ́ dandan, akoto náà sì jẹ́ dandan fún ẹni tó ń gùn àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí olówó bá ní ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ẹ ní kó yọ owó.

Oṣù àkọ́kọ́

Nínú iye tí ẹ ti kó jọ, ẹ má ná ju mẹ́rin nínú márùn-ún lọ sórí rírà rẹ̀. Ìdá kan tó kù wà fún táyà, bátìrì, páàdì àti ọ́ìlì, torí kò sí tọkunbọ̀ tí kì í béèrè ohun tiẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni kí a dúró lé, torí òun ni wọ́n fi ń ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ jùlọ. Nínú púpọ̀ lára alùpùpù Japan, ọ́ìlì kan náà ló ń fún ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì lómi. Kílọ́ọ̀ṣì náà rì sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò ìsinsìnyí ní oògùn tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin kí epo má báa tètè tán. Ó dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù kò gbọdọ̀ yọ̀. Nítorí náà, ẹ wá gálọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lẹ́yìn. 20W-50 bá ooru wa mu fún ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, 10W-40 fún èyí tó ní rádíétọ̀ bí ìwé rẹ̀ bá gbà á. Láàárín lítà 3 sí 4 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun. Ọmọṣẹ́ tó bá ní “ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́,” ẹ gba sápánà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fúlíìdì bíréèkì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti dúdú bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní iwájú, lẹ́yìn, àti ti kílọ́ọ̀ṣì bí kílọ́ọ̀ṣì náà bá ń lo fúlíìdì. DOT 4 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn Harley àtijọ́ kan ń lo DOT 5, méjèèjì kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù, eruku pupa yẹn kò mọ ẹni tó ní owó.

Ẹ ra géèjì táyà tiyín. Ti fọ́kanáísà ti ṣubú lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́, nígbà tí táyà tutù. Gold Wing 1800 ń fẹ́ PSI 36 níwájú àti 41 lẹ́yìn. Fún irú mìíràn, ẹ wo sítíkà ara rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ oníwáyà, túùbù ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ gbé túùbù kan dání. Bó bá jẹ́ irin àdàpọ̀ tí kò ní túùbù, ohun èlò tí a fi ń kì í lójú ihò àti páńpù kékeré tó.

Kíkọ́ bí a ṣe ń gbé e

Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tó le, pápá ilé ìwé tí wọ́n bá gbà yín láyè ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má gbé e lọ sí Táàkíè, ẹ má sì gbé e lọ sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́.

Jíà ló kọ́kọ́ ń tan ọlọ́kadà jẹ. Ọ̀pọ̀ Boxer tí a ń gùn níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tẹ gbogbo jíà sí. Ní kúrúsà, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀fẹ́ tẹ̀lé e, ìyókù sì ń lọ sókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ Boxer lára, bó bá ń sáré 80 tó fẹ́ lọ sí jíà kẹrin, yóò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, alùpùpù yóò já sí kejì, táyà ẹ̀yìn yóò di, ìdí rẹ̀ yóò sì fì. Ẹ gbé e dúró lórí sítáǹdì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí ẹ́ńjìnnì má tàn. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, orí kọ́.

Lẹ́yìn náà, rírìn jẹ́jẹ́. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ títí tí alùpùpù yóò fi fẹ́ rìn, ẹ mú un dúró níbẹ̀ láì tú u tán, ẹ fún un ní epo díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́. Nǹkan mẹ́ta yìí ló ń mú 300 kílò nàró bí ẹni tó ru igbá omi. Bíréèkì iwájú, ẹ má fi kàn án nígbà tí ọwọ́ bá yí sápá kan tí eré sì kéré, àfi bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Ojú yín ni kó ṣíwájú: ibi tí ẹ bá wò ni alùpùpù ń lọ. Bí ẹ bá lè yípo padà nínú ààyè bíi mítà méje láì gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹ lè jáde sí títì.

Ní eré tó kọjá nǹkan bí 30, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ bá tì síwájú díẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ọ̀tún. Ó dà bí ìyípadà, ṣùgbọ́n títì ọwọ́ náà ló ń mú kó fì sápá ibẹ̀. Ẹ tì í fẹ́rẹ́, ẹ máa wo ohun tó ń ṣe.

Yóò ṣubú lọ́jọ́ kan. Bó bá ṣubú, ẹ pa á kíá. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló sùn sí, ẹ na sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ jáde ṣáájú kó má baà kọjá lọ ṣubú sí òsì. Ẹ fi jíà sílẹ̀ nínú ọ̀kan bó bá ṣeé ṣe. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí apá ibi tó sùn sí dé òpin. Ẹ kẹ́yìn sí i, ẹ fi ìdí ti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù tó wà nílẹ̀ mú, ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn mú. Ẹ̀yìn yín kó tọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kéékèèké. Itan ló ń gbé e, kì í ṣe apá. Bí epo bá ń dà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sítòsí.

Lójú ọ̀nà

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kílómítà. Táǹkì V Star 1100 ń gba lítà 17. Bó bá ń rin kílómítà 17 lórí lítà kan, ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ láì dúró ra epo, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò bí ẹ kò bá tíì fi ìwọ̀n tiyín ṣírò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nínú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin, apá tó wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni alùpùpù ńlá ti ń jẹ ìyà. Tírélà méjì ń pàdé ara wọn ní ọ̀nà tóóró, kòtò wà láàárín, etí ọ̀dà sì ga ju ilẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ pupa yẹn, ẹ má yára gùnkè padà. Táyà tó ń bá etí ọ̀dà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ yóò máa yọ̀ lára rẹ̀ títí yóò fi gbé yín lulẹ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ jìnnà sí etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá kọjú táyà sí i kó dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ dá a kọjá, ẹ ó sì gùnkè lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má tẹ̀lé ìdí tírélà pẹ́kípẹ́kí. Kòtò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kò ní rí i títí yóò fi wà lábẹ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ wo iwájú, ẹ bọ́ sí jíà tó kéré sí i, kí ẹ kọjá kíá láì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ iwájú tírélà ń tì yín síta nígbà tí ẹ bá yọ sí imú rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ mú, ẹ má jẹ́ kí apá le gan. Ní orí òkè, dísẹ̀lì máa ń dà sílẹ̀ láti inú táǹkì wọn, ó ń dán ní àwọ̀ òṣùmàrè. Ẹ gba ojú ipa táyà, kì í ṣe àárín.

Ní abúlé, bọ́m̀pù lè wà láìsí àmì, ẹran sì lè sọdá. Àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí etí títì ní ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń gbé apá kan ọ̀nà, ẹ sì mọ̀ pé bí táyà yín bá kan èlùbọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn ti di ti aáwọ̀. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ léwu jù. Ó ń pò eruku àti ọ́ìlì pọ̀ mọ́ra. Ẹ dúró sí abẹ́ mángòrò fún bí ìdajì wákàtí kó fọ ọ̀nà mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ti wà nílé.

Nínú gosíló, ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù kò rí afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá rìn fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín, ẹ sọ fún un kó má gòkè títí ẹsẹ̀ yín méjèèjì yóò fi wà nílẹ̀ tí ẹ ó sì fún un láṣẹ, kó fì síbi tí ẹ bá fì sí, kó má sì gbìyànjú láti nàró nígbà tí ẹ bá ń yà.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó na sítáǹdì. Ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn òjò, tàbí ọ̀dà tí oòrùn ọ̀sán ti yọ́, sítáǹdì yóò máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú ilé tí ẹ ń jẹ àmàlà, ẹ ó sì gbọ́ ariwo. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi sínú àpótí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ sítáǹdì. Kí ẹ fi jíà sínú ọ̀kan, kí iwájú rẹ̀ kọjú sí òkè bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ sì ti ọwọ́ rẹ̀ sí apá òsì kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.